Bessie Coleman, alágbàfọ̀ tó di awakọ̀ òfúrufú: ta ló sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Bí èèyàn bá wọ bàálù, tó jókòó, tó so bẹ́líìtì mọ́ ìdí, ohun tó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni bóyá ọkọ̀ náà ṣì lágbára àti bóyá ojú ọjọ́ dáa. Ìwọ̀nba èèyàn ló máa ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú níwájú lọ́hùn-ún, báwo ni wọ́n ṣe yàn án, ta ló sì sanwó ẹ̀kọ́ tó kọ́. Bẹ́ẹ̀, orí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ dá lé. Bó bá jẹ́ ọmọ olówó nìkan ló lè wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, àpò baba ni wọ́n fi yan awakọ̀, kì í ṣe ọpọlọ ọmọ. Bó bá sì jẹ́ àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá mọ iṣẹ́ náà dójú àmì ni kò ní í fọwọ́ kan ọkọ̀ òfúrufú títí tí wọn yóò fi kú. Ìtàn kan tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ni ti Bessie Coleman, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ òfúrufú tí gbogbo ayé fọwọ́ sí.

Ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Atlanta yìí kì í ṣe ìlú ńlá tó wà ní Georgia o, abúlé àwọn àgbẹ̀ lásán ni. Ọmọ mẹ́tàlá ni Susan, ìyá rẹ̀, bí fún George Coleman, Bessie sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Waxahachie, níbi tí òwú ti pọ̀ bí iyanrìn, tí kì í sì í ṣe àwọn tó ń ká a ló ni ín.

Baba rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lára. Nígbà tó di ọdún 1901, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Texas sú u, ó sì di ẹrù rẹ̀, ó forí lé ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, èyí tó di Oklahoma lónìí. Ó fẹ́ kí ìyàwó tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n Susan kọ̀, ó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá nìkan ló ń ṣe baba tó ń ṣe ìyá. Ó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún àwọn òyìnbó, Bessie sì ń tọ́jú àwọn àbúrò nílé.

Ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ni Bessie lọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, ọ̀nà náà sì jìn. Bí òwú bá ti gbó, ilé ẹ̀kọ́ yóò pa dé, tọmọdé tàgbà yóò kọjú sí oko. Síbẹ̀, ìṣirò tètè ń yé e, ó sì fẹ́ràn ìwé kíkà. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ fọ̀, ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, títí tó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Langston, Oklahoma, lọ́dún 1910. Sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló lò níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbòdo nínú ìdánwò, owó ló tán. Ó padà sí Waxahachie, ó sì tún tẹ ọwọ́ bọ omi ọṣẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àìlówó yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, kì í sì í ṣe ìgbà ìkẹyìn.

Lọ́dún 1915, Bessie gba Chicago lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ló ń sá kúrò ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà lásìkò náà láti wá iṣẹ́ lọ sí àríwá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún èékánná ṣe, ó sì ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí àwọn ọkùnrin pàtàkì máa ń wá. Ibi tó ti ń fá èékánná fún wọn ló ti ń gbọ́ ìròyìn ayé. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, bàálù sì ti di ohun ìjà. Nígbà tí ogun parí, John ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jagun nílẹ̀ Faransé, padà dé. Lọ́jọ́ kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì fi àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé ń wa bàálù, pé irú obìnrin bíi tirẹ̀ kò lè dánwò. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni lẹ́nu John, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Bessie lára. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé òun yóò wa bàálù.

Ìpinnu kò le, ibi tí yóò ti kọ́ ọ ló le. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà tó gbà láti kọ́ ọ. Wàhálà méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: ó jẹ́ adúláwọ̀, ó tún jẹ́ obìnrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó dán ojú rẹ̀ wò bóyá ó ríran dáadáa, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìṣirò kan ṣoṣo. Wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti parí ìdánwò.

Ọkùnrin kan wà ní Chicago nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Robert Abbott. Òun ló dá ìwé ìròyìn Chicago Defender sílẹ̀ lọ́dún 1905, ìwé ìròyìn náà sì lókìkí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú jákèjádò Amẹ́ríkà. Abbott ló gba Bessie nímọ̀ràn pé kó kọ́ èdè Faransé, kó tọ́jú owó, kó sì lọ sí ilẹ̀ Faransé, nítorí pé níbẹ̀, wọn kò ní í fi àwọ̀ rẹ̀ lé e. Bessie ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ ń kọ́ Faransé, ó fi iṣẹ́ èékánná sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ alábòójútó ilé oúnjẹ kan tó ń mówó wọlé jù ú lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: owó tí Bessie fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ wà níbẹ̀, Abbott ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Jesse Binga, adúláwọ̀ tó ní ilé ìfowópamọ́ ní Chicago. Kì í ṣe àánú nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Abbott mọ̀ pé ìròyìn obìnrin adúláwọ̀ tó ń fò lójú sánmà yóò ta ìwé ìròyìn òun. Àmọ́ àǹfààní tí oníkálukú rí níbẹ̀ kò ba ti ẹnì kejì jẹ́.

Oṣù kọkànlá ọdún 1920 ni Bessie wọ ọkọ̀ ojú omi ní New York, ó di ilẹ̀ Faransé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Caudron, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló gbà á sí ní Le Crotoy, ìlú kan létí òkun ní agbègbè Somme. Oṣù méje ló fi kọ́ṣẹ́. Bàálù Nieuport tí wọ́n fi ń kọ́ wọn jẹ́ igi, aṣọ àti wáyà tí wọ́n so pọ̀, kò ní bíréèkì, atẹ́gùn tó bá sì le díẹ̀ lè yí i dànù. Ojú Bessie ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe já bọ́, tó sì kú. Ẹ̀rù bà á, kò sì sá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi bàálù ya òǹkà mẹ́jọ àwọn òyìnbó lójú sánmà, kó sì balẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n sàmì sí. Olùdánwò kò bìkítà bóyá ẹni tó wà nínú ọkọ̀ dúdú tàbí ó funfun, ibi tí táyà fọwọ́ kan ilẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1921, Bessie gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfúrufú lágbàáyé. Ìwé náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1896 ni wọ́n bí i. Arábìnrin náà ti yọ ọdún mẹ́rin kúrò nínú ọjọ́ orí ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé New York lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn oníròyìn ti ń dúró dè é. Alágbàfọ̀ Waxahachie ti di ẹni tí gbogbo ìlú ń pọ́n lé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó kò parí síbẹ̀. Àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ti sanwó ìwé ẹ̀rí, wọn kò sanwó iṣẹ́. Bàálù tó ń kó èrò kò tíì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Àwọn tó ń fi bàálù gbé lẹ́tà fún ìjọba wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba obìnrin adúláwọ̀ síbẹ̀? Ohun tó kù ni eré ojú sánmà, kí èèyàn máa yí bàálù dà, kó máa dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí àwọn èrò máa pariwo nísàlẹ̀, kí wọ́n sì sanwó. Iṣẹ́ yìí nílò ìmọ̀ ju èyí tí ìwé ẹ̀rí lásán lè fúnni lọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà. Bessie tún kó ẹrù rẹ̀ lọ́dún 1922, ó padà sí Yúróòpù. Ó tún ẹ̀kọ́ kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó dé Netherlands, ó dé Jámánì, ó sì bá Anthony Fokker, ògbóǹtarìgì tó ń ṣe bàálù, pàdé. Ó mọ̀ pé èèyàn lè gbàwé ẹ̀rí kó má tíì di awakọ̀.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1922 ló kọ́kọ́ ṣeré fáwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, ní pápá Curtiss nítòsí New York, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ ẹgbẹ́ 369 tó jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ṣe tirẹ̀ ní Chicago. Òkìkí rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n bàálù ẹni ẹlẹ́ni ló ń fò. Nígbà tó máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923, ó rí owó ra tirẹ̀: bàálù Jenny kan, irú èyí tí iléeṣẹ́ ológun fi kọ́ àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n wá ń tà lówó pọ́ọ́kú lẹ́yìn ogun. Ohun tí agbára rẹ̀ ká nìyẹn. Lóṣù kejì ọdún náà, ní Santa Monica lẹ́bàá Los Angeles, ẹ́ńjìnnì Jenny náà kú nígbà tí kò tíì ga sókè. Bàálù já lulẹ̀. Ẹsẹ̀ Bessie kán, egungun ìhà rẹ̀ fọ́, ara rẹ̀ bó. Oṣù bíi mélòó kan ló lò nílé ìwòsàn, bàálù tó fi gbogbo owó rẹ̀ rà sì di àfọ́kù. Láti orí ibùsùn ló ti ránṣẹ́ sáwọn èèyàn pé bí òun bá ti lè rìn, òun yóò tún fò.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí Bessie dà bí àwọn eléré yòókù. Kì í ṣe òkìkí ló ń wá. Ó fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfúrufú sílẹ̀ fáwọn adúláwọ̀, kí ọmọ mìíràn má bàa ní láti la òkun kọjá kó tó kọ́ṣẹ́. Gbogbo owó tó ń rí, ojú yẹn ló fi ń wò ó. Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ló lè rà á. Wọ́n fi í sínú fíìmù kan, èyí tí ì bá mówó ńlá wá fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ kó jáde nínú àkísà, kó di ẹrù sẹ́yìn, bí ará oko tí kò mọ nǹkan kan, ó ní òun kò ṣe, ó sì kúrò níbẹ̀. Àwọn kan bínú sí i gidigidi nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dún 1925, ó padà sí Texas, ó ṣeré ní Houston lọ́jọ́ 19, oṣù kẹfà, ọjọ́ tí àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ fi ń rántí òmìnira kúrò lóko ẹrú. Ó lọ sí Waxahachie níbi tó ti dàgbà. Àwọn tó ṣètò eré fẹ́ kí àwọn òyìnbó gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, kí àwọn aláwọ̀ dúdú gba òmíràn. Bessie fàáké kọ́rí pé bí kò bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan náà, òun kò ní í fò. Wọ́n gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ya ìjókòó wọn sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé tán. Ó ń lọ káàkiri ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn eré, ó ń sọ̀rọ̀ fáwọn èèyàn rẹ̀. Ní Orlando, Florida, níbi tí pásítọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ti gbà á sílé bí ọmọ, ó tilẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge, kó lè rí owó bàálù.

Àwọn ará wa máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Lọ́wọ́ Bessie, kẹ̀kẹ́ náà kò yí tán rí. Ó ti san díẹ̀ lára owó Jenny mìíràn ní Dallas, kò sì lè san ìyókù, àfìgbà tí Edwin Beeman, ọmọ olówó tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù, bá a parí rẹ̀. William Wills, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó jẹ́ mẹkáníìkì rẹ̀, ló lọ gbé e wá sí Jacksonville. Ìgbà mẹ́ta ni bàálù náà fi ipá balẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé. Àwọn tó rí i ní pápá rí i pé ó ti gbó, pé kò sì rí ìtọ́jú. Àmọ́ ọjọ́ eré ti sún mọ́lé, kò sì sí owó òmíràn.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1926, àwọn méjèèjì gòkè láàárọ̀ láti lọ wo ibi tí Bessie yóò ti fi agboòrùn bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wills ló ń wà á. Bessie kò so bẹ́líìtì, nítorí ó fẹ́ nà jáde kó lè rí ilẹ̀ dáadáa. Lójijì, bàálù náà dojú kọlẹ̀, ó ń pòyì, ó sì dorí kodò. Bessie já bọ́ láti òkè, ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wills kò lè gba bàálù náà padà, òun náà já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n wo àfọ́kù rẹ̀, sípánà kan ni wọ́n rí tó ti há sínú ibi tí wọ́n fi ń darí bàálù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bessie Coleman. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́wà ló pa á. Ọkọ̀ ògbólógbòó tí wọn kò tọ́jú tó ló pa á, òun náà sì ni gbogbo ohun tí owó rẹ̀ lè rà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jáde sin ín. Wọ́n ṣe ìsìn fún un ní Jacksonville, wọ́n ṣe é ní Orlando, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ dé Chicago, níbi tí Ida B. Wells, akọni obìnrin tó bá ẹ̀tanú àwọ̀ jà, ti ṣáájú ètò ìsìnkú náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ dá sílẹ̀ kò sí níbi kankan.

Àmọ́ irúgbìn kò kú. Ní Los Angeles, William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfúrufú sílẹ̀, ó sì fi orúkọ Bessie Coleman sọ ọ́. Ní Chicago, Cornelius Coffey àti Willa Brown ṣí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ohun tó yí gbogbo nǹkan padà ṣẹlẹ̀: lọ́dún 1939, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ara rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwa bàálù nítorí pé ogun ń bọ̀. Nígbà tí ètò náà fi parí lọ́dún 1944, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lé ní 400,000. Ilé ẹ̀kọ́ Coffey rí nínú owó náà, bẹ́ẹ̀ ni Tuskegee ní Alabama. Láti Tuskegee ni àwọn awakọ̀ ogun adúláwọ̀ tó súnmọ́ 1,000 ti jáde, àwọn tí ọ̀gá ológun kan sọ tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ wọn kò lè gbé e. Ohun tí Bessie fi ẹ̀mí rẹ̀ wá tí kò rí, owó ìjọba ṣe é láàárín ọdún díẹ̀. Ọpọlọ ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá, ẹni tí yóò sanwó ni kò sí.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ nìkan kò tó bí àwọn agbanisíṣẹ́ kò bá yan èèyàn bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1957, Marlon Green, tó ti fò ju 3,000 wákàtí lọ nínú iṣẹ́ ológun, wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Continental. Wọ́n gba àwọn òyìnbó tí wákàtí wọn kò tó tirẹ̀, wọ́n fi òun sílẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n àkísà ìrírí Green kò ká wọn lára. Ó pẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó dá a láre lọ́dún 1963. Ọdún 1965 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: láàárín ọdún mẹ́jọ wọ̀nyẹn, ta ló pàdánù? Green pàdánù, àmọ́ èrò tó wọ bàálù tí ẹni tí kò tó o mọ̀ wà náà pàdánù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Lẹ́yìn tí bàálù kan já nítòsí Buffalo lọ́dún 2009, tí èèyàn 50 kú, Amẹ́ríkà ṣòfin pé, láti ọdún 2013, ẹni tí yóò jókòó ti awakọ̀ àgbà nínú bàálù akérò gbọ́dọ̀ ti fò tó 1,500 wákàtí, àyàfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin dín in kù fún. Òfin náà ní ìdí, ṣùgbọ́n owó wákàtí wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi gbèsè san án, ọmọ tálákà tó lọ́gbọ́n sì ń dúró sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí Bessie ṣe dúró ní Langston. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní Yúróòpù àti Éṣíà ti gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n á dán ọmọ tí kò wa bàálù rí wò, ẹni tó bá yege ni wọ́n á fowó kọ́. Continental tó lé Green dà pọ̀ mọ́ United lọ́dún 2010, United náà sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2022. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba Nàìjíríà dá ilé ẹ̀kọ́ òfúrufú sílẹ̀ ní Zaria lọ́dún 1964, ṣùgbọ́n òbí tó ti bèèrè iye tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára.

Lọ́dún 1992, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí wọ́n bí Bessie, Mae Jemison, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó lọ sí gbalasa òfúrufú, mú àwòrán rẹ̀ dání lọ. Lọ́dún 1995, Amẹ́ríkà tẹ sítáḿpù jáde fún un, lọ́dún 2023 wọ́n sì ya á sára owó ẹyọ. Iyì ńlá ni, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó bá di owó ẹyọ náà mú rántí pé ìwọ̀nba owó díẹ̀ ló dá obìnrin yìí padà sídìí aṣọ fífọ̀ lọ́dún 1910, tó sì tún mú kó wọ ògbólógbòó bàálù lọ́dún 1926.